Àyè Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Ìyá Àpòmù

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ará Ìkirè ń bi mí: "Ṣé òtútù ibẹ̀ pọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́?" Màá ní ó pọ̀, wọn á rẹ́rìn-ín, a ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Òótọ́ ni, òtútù náà pọ̀. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló ṣe mí ní nǹkan. Ohun tó ṣe mí ní nǹkan ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín, nítorí bí mo bá fẹ́ fi ẹnu sọ ọ́, omi á ti lé ròrò sí mi lójú kí n tó dé ìdajì, àwọn èèyàn á sì rò pé wọ́n fìyà jẹ mí lọ́hùn-ún. Wọn kò fìyà jẹ mí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣàlàyé jù. Ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já bíi tèmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú.

Ìlú tí wọ́n ti ń kíni kọjá

Ìlú kékeré kan létí òkun ni mo lọ, ní àríwá ilẹ̀ Sikọ́tílándì. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo lọ fi gboyè kejì. Ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀. Ojú ọ̀run ṣú bí ìgbà tí òjò ńlá fẹ́ rọ̀, òjò náà kò rọ̀, kò sì lọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Òkúta aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé wọn, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sì wà ní títì. Mo rìn ní òpópónà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó síwájú ilé rẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan ń gbé ìsàlẹ̀ ilé tí mo gbà yàrá sí. Ewan ni wọ́n ń jẹ́, èmi ń pè wọ́n ní Bàbá Ewan. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ń fa ajá wọn jáde, wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ṣé dáadáa lo wà?" Inú mi dùn. Mo gbé àpò mi sílẹ̀, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo ní a dúpẹ́ mà—àbí kí n ní sà, ẹnu mi ti ń gbọ̀n—pé mo sùn dáadáa, àfi pé ẹsẹ̀ mi kò móoru, pé ṣé àwọn náà jí ire? Kí n tó gbé ojú sókè, Bàbá Ewan ti dé ìkóríta. Ajá wọn nìkan ló bojú wẹ̀yìn wò mí.

Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ìkàwé: wọ́n á bi ọ́ bóyá dáadáa lo wà, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ẹ gbọ́ mi yé o, kì í ṣe ìwà ìkà. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n á di ilẹ̀kùn mú fún ọ nígbà tí o ṣì wà lọ́nà jíjìn, títí ìtìjú á fi mú ọ sáré. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹni tó béèrè rẹ̀ kò dúró gbọ́ èsì, kí la fẹ́ fi èsì náà ṣe? Ọ̀fun mi ni tèmi ń kù sí. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń rò ó pé èsì tó wà lọ́fun mi á ti tó ogún.

Ti oúnjẹ, ọ̀dùnkún ni lónìí, ọ̀dùnkún ni lọ́la, ẹja funfun kan tí kò mọ ata rí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n ń jẹ ohun kan tó dà bí ògì tó ki, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni Bàbá Ewan ń bù sí tiwọn. Mo wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ kiri kí n lè fi din dòdò tiwa yìí, èyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rà kí ó tó dùn. Èyí tí mo rí rà le bí igi. Mo gbé e sójú fèrèsé kí ó pọ́n. Òtútù sọ èèpo rẹ̀ di dúdú, inú rẹ̀ kò sì pọ́n. Mo jókòó tì í, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ o.

Kíláàsì tí kò ní ìdánwò

Dókítà Fiona ni olùkọ́ wa. Wọ́n ní kí gbogbo kíláàsì máa pe àwọn ní Fiona lásán. Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. "Dókítà Fiona mà" ni mo pè wọ́n títí di ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀.

Ní yunifásítì tí mo ti jáde nílé, olùkọ́ á máa ka ìwé sétí wa, a ó máa kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí ìdánwò bá sì dé, a ó dá a padà fún un bí a ṣe gbà á. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Òun ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Bí Dókítà Fiona ṣe ní kò sí ìdánwò nínú kọ́ọ̀sì àwọn, inú mi bàjẹ́. Dípò ìdánwò, lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ bílọ́ọ̀gù kan, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí a ó gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Kí ó sì ṣe pọ́díkáàsì oníṣẹ́jú mẹ́wàá kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ bí ètò rédíò, tí èèyàn lè fi fóònù gbọ́ nígbà tó bá wù ú.

"Bí ẹ bá kọ ohun tí ẹ mọ̀ fún èmi nìkan," ni Dókítà Fiona wí, "mo kàn máa kà á, màá fi máàkì sí i, ó parí. Ẹ yan ẹnì kan nílé yín tí kò wọ yunifásítì rí. Ẹ fi èdè rẹ̀ bá a sọ ohun tí ẹ ń kọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá fi bílọ́ọ̀gù ṣàlàyé fún àwa yòókù."

Ìyá Àpòmù ni mo yàn, ìyá tó bí ìyá mi. Ewé ni wọ́n ń tà ní ọjà Àpòmù kí ojú wọn tó di bàìbàì, ewé tí àwọn oní-dòdò àti àwọn ẹlẹ́kọ fi ń di ọjà wọn. Ẹ̀gbẹ́ igbá wọn ni mo ti mọ ìṣirò kí n tó wọ ilé ìwé, ewé ni mo fi kà á. Ní báyìí, wọn kì í rí ojú èèyàn mọ́, ohùn ni wọ́n fi ń mọ̀ wá. Ọ̀dọ̀ wọn ni Àǹtí Sìdí, àbúrò ìyá mi, ń gbé. Ó ń ránṣọ níwájú ilé, fóònù rẹ̀ ni Ìyá sì fi ń gbọ́ ohùn wa.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, Ìyá di ọwọ́ mi mú. "Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, "ojú ti lọ. Bí ohùn rẹ náà bá lọ, kí ló wá kù sí mi lọ́wọ́?" Mo ṣèlérí pé ohùn mi ò ní lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi yàn wọ́n. Mo rò pé ọ̀nà tí màá fi yege ni màá fi mú ìlérí mi ṣẹ.

Ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ

Mo fi aṣọ ìbora borí kí yàrá má baà dún wọ́ọ̀, mo gbé fóònù sẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni mo wí. Mo dúró. "Ṣé ẹ jí dáadáa, mà?" Mo dúró. "Orúnkún yín ńkọ́?" Mo dúró pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ orúnkún kì í kúrú. "Àǹtí Sìdí ńkọ́? Àwọn ará ilé Alhaja ẹ̀gbẹ́ wa ńkọ́?" Mo dúró, mo dúró. N kò gbèrò rẹ̀ o. Ṣé èèyàn lè béèrè orúnkún ìyá rẹ̀ kí ó máa sọ̀rọ̀ lọ ni? Nígbà tí mo fi máa dé orí ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin ti lọ nínú mẹ́wàá.

Mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Sìdí, mo sì fi sílẹ̀ fún máàkì. Àǹtí kàn fèsì pé, "Ìyá ti gbọ́ ọ o, inú wọn dùn." Ọ̀dọ̀ Dókítà Fiona ni ọ̀rọ̀ ti yí. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n yí kọ̀ǹpútà sí mi. Lójú kọ̀ǹpútà, ohùn èèyàn máa ń hàn bí òkè àti àfonífojì. Tèmi ní òkè kékeré kan, ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ tẹ̀ lé e, òkè kékeré mìíràn, ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ mìíràn.

"Ṣé ẹ̀rọ rẹ ló ń dákú ni?" ni wọ́n bi mí.

"Rárá, mà."

"Kí ló wà níbi tó ṣófo wọ̀nyí?"

Mo fẹ́ sọ pé Ìyá Àpòmù ni mo fi í sílẹ̀ fún. Ìtìjú kò jẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn ń bínú sí, ṣùgbọ́n mi ò yege. Wọ́n ní olùgbọ́ kì í dúró níbi tí ohùn kò bá sí, ṣe ló máa ń pa á. Wọ́n fi ohun kan hàn mí nínú kọ̀ǹpútà tó ń gé ibi tó ṣófo kúrò. Kíá ló ń yọ wọ́n, bí ẹni ń yọ egungun ẹja. Bí àwọn tó kù bá tún rí báyìí, màá tún kọ́ọ̀sì náà ṣe. Ìyẹn ni pé ọdún kan sí i kí n tó fojú kan ilé. Bí mo ṣe gbọ́ "ọdún kan" yẹn, n kò gbọ́ ohun tó kù tí wọ́n sọ mọ́.

"Ta ló ń lé e?"

Mo gé gbogbo rẹ̀ nínú èkejì. Mo kí Ìyá bí mo ṣe máa ń kí wọn, lẹ́yìn náà mo yọ àyè kọ̀ọ̀kan kúrò títí ìlà kankan kò fi tẹ́ mọ́. Òkè ló kù, òkè lórí òkè. Dókítà Fiona ní ó dára gan-an. Mo yege. Mo jó nínú yàrá mi, èmi nìkan, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ibùdókọ̀ nígbà tí ohùn Àǹtí Sìdí wọlé.

"Àbẹ̀kẹ́, kí lo ṣe yìí? Ìyá ń dáhùn, ìwọ ń sọ̀rọ̀ lọ! Wọ́n ní 'A dúpẹ́,' o ti dé orí orúnkún. Wọ́n ń sọ ti orúnkún, o ti bọ́ sílé Alhaja. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Wọ́n ní, 'Sìdí, ta ló ń lé ọmọ yìí?' Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé e. Wọ́n ní, 'Ó ń kí mi bí ẹni tó ń sá fún òjò. Gbé e kúrò.' Láti àná, wọn ò jẹ́ kí n gbé fóònù dé ẹ̀gbẹ́ wọn mọ́ o. Ìwọ náà gbọ́ ohun tí o gé dànù. Ti àkọ́kọ́ ni, mo gbà á sílẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Mo tẹ èyí tó tẹ̀ lé e. Ohùn mi ló kọ́kọ́ jáde, ó jìnnà díẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà." Lẹ́yìn náà, nínú àyè tí mo rò pé ó ṣófo, ohùn Ìyá: "Káàárọ̀, ọmọ mi." "Ṣé ẹ jí dáadáa, mà?" "A dúpẹ́ f'Ọ́lọ́hun. Ìwọ náà ńkọ́?" "Orúnkún yín ńkọ́?" "Háà! Ti ọ̀tún ti ń gbọ́ràn. Ti òsì ló ń ṣe bí ìyàwó tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀." Àǹtí Sìdí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kí wọn tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà: "Kí Ọlọ́hun mú ọ—" Ibẹ̀ ni ohùn mi já wọlé: "Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ lọ́sẹ̀ yìí..." Ìyá gbé àdúrà náà mì. "Ó ń kánjú," ni wọ́n rọra wí fún Àǹtí Sìdí. "Kò burú. Iṣẹ́ ló pọ̀."

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ bó ṣe rí lára mi. Mo ti rò pé èmi ni mò ń dá sọ̀rọ̀ sínú aṣọ ìbora. Mi ò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí ẹnì kan ti ń dá mi lóhùn ní gbogbo ayé, ọwọ́ ara mi ni mo fi gé e.

Bàbá Ewan ń kọjá pẹ̀lú ajá wọn. "Ṣé dáadáa lo wà?" Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó rí i pé n kò dáhùn. Wọ́n dúró. Wọ́n padà wá jókòó tì mí, ajá náà jókòó. Bọ́ọ̀sì kan dé, ó lọ. Mo bá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èsì tó ti wà lọ́fun mi láti oṣù méjì ni mo dà sílẹ̀: ẹsẹ̀ tí kò móoru, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kọ̀ tí kò pọ́n, Ìyá, ìlérí mi. Ó gùn. Bàbá Ewan gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn.

"Èmi náà," ni wọ́n wí níkẹyìn, "orúnkún ń yọ mí lẹ́nu."

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti bi mí bóyá dáadáa ni mo wà, wọ́n á dúró, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì sápò, wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó san owó ìran.

Ibi tí àdúrà gùn dé

Mo gbé fóònù mi lọ bá Dókítà Fiona. Mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn Ìyá, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín ní ibi ìyàwó tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi tí mo ti já lu àdúrà, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Báwo ni àdúrà wọn ṣe máa ń gùn tó?" ni wọ́n bi mí.

"Ó wà lọ́wọ́ orúnkún, mà. Lọ́jọ́ tó bá ń ro wọ́n, ó máa ń kúrú."

Wọ́n ní, "Gbogbo kíláàsì ni mo ní kí ó yan olùgbọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn pé olùgbọ́ lè fẹ́ fèsì." Lẹ́yìn náà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè di mẹ́rìnlá, torí òfin náà kì í ṣe tàwọn nìkan, ẹlòmíì ṣì máa yẹ máàkì wò lẹ́yìn àwọn. Bí mo bá fi àyè sílẹ̀, inú ẹ̀kọ́ ni kí n ti yọ ọ́, kí n sì kọ ìdí rẹ̀ sínú bílọ́ọ̀gù kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀kọ́, mo fi ìkíni sílẹ̀. Ẹ ò mọ bí ó ṣe le tó fún ẹni tó máa ń ṣàlàyé jù. Ohun tí mo fi ojú ìwé mẹ́fà kọ, mo ní láti wá gbólóhùn mẹ́rin tí Ìyá máa gbà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ̀kọ́ bá ní kí ọmọdé máa wádìí nǹkan fúnra rẹ̀ nínú kíláàsì, mo sọ ọ́ bí Ìyá ṣe fi ewé kọ́ mi: wọn kì í sọ iye tó wà nínú ìdì fún mi, wọ́n á ní kí n tú u kí n wò ó. Níbẹ̀ ni èmi fúnra mi tó lóye ohun tí mo ń kà.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù, torí Ìyá ṣì kọ fóònù. Àǹtí Sìdí ní láti bẹ̀ wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ nínú rẹ̀ ni pé, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ foríjì mí. Kò sẹ́ni tó ń lé mi mọ́." Mo kí wọn, mo dúró. Ní ìparí ìkíni, mo ní, "Ẹ ṣàdúrà fún mi, mà." Mo ka ìmísínú mi, ó pé ogún, mo tún ka mẹ́wàá sí i. Lẹ́yìn náà mo ní, "Àmín."

Ohùn Àǹtí Sìdí dé lọ́jọ́ kejì, ó ń pariwo: "Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́! Ìyá sọ̀rọ̀ tán, o ní àmín! Wọ́n ní, 'Ẹ ò rí i, ó ti sinmi.'"

Mo yege kọ́ọ̀sì náà. Kò sì ju kí n yege lọ.

Àmín

Ní Ìkirè tí ọkọ̀ já mi sí, òórùn ata àti epo ló kọ́kọ́ kí mi. Obìnrin kan tó ń ta dòdò wo bàtà òtútù tó wà lẹ́sẹ̀ mi nínú oòrùn. "Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Òyìnbó! Ṣé wọn ò fún yín lóúnjẹ lọ́hùn-ún ni? Ẹ wo ọrùn!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ó dúró, ó ń retí èsì mi, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. Mo ní ọ̀dùnkún ni wọ́n ń fún wa. "Yéè! Ẹ ra méjì!" Mo rà á, ó fi ewé dì í fún mi, mo sì gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù, mo gbé ewé náà símú títí a fi débẹ̀.

N kò sọ ọjọ́ tí mo ń bọ̀ fún wọn. Mo fẹ́ kí ó bá wọn lójijì. Ìrun alásàrí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Àǹtí Sìdí kò sí níwájú ilé, aṣọ wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo wọlé. Ìyá jókòó lórí ẹní wọn, wọ́n na ẹsẹ̀ òsì, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ti kéré sí i.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ni mo wí.

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí mi láìyíjú. "Sùúrù, ìwọ tó ń wọlé. Jókòó ná. Àbẹ̀kẹ́ ń bá mi sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ni. Ohùn mi ń ti inú fóònù jáde, èyí tí mo gbà sílẹ̀ nínú ìgbà òtútù. "Orúnkún yín ńkọ́, mà?" ni ó wí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ń fẹ́ ilé yìí fún oṣù mẹ́rìnlá, mo ti dé e, ẹlòmíì sì wà ní ipò mi. Inú mi dùn, ó sì dùn mí. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

"Ó ń ṣe díẹ̀díẹ̀," ni Ìyá dá fóònù lóhùn. "Òjò ló ń dà á láàmú."

"Ẹ ṣàdúrà fún mi, mà," ni fóònù wí, ó sì dákẹ́.

Ìyá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Ọlọ́hun ni yóò mú ọ padà bọ̀. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ibi tí o bá dé, wọn á dúró gbọ́ ọ. Etí mi ò ní di kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà yìí."

"Àmín," ni fóònù wí.

"Àmín," ni mo wí.

Ọwọ́ Ìyá dúró lókè. Wọ́n tẹ etí. Wọ́n fi ìka wá fóònù lórí ẹní, wọ́n yí ojú rẹ̀ dé ilẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n wá kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló ṣe àmín kejì?" ni wọ́n bi mí.

Mo kúnlẹ̀. Ìyá Àpòmù kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì ń dúró dè mí.